Ẹ̀rí Tí Alágbàfọ̀ Kò Lè Jẹ́

Nígbà tí ìyá wọn kú, Alágbàfọ̀ ló gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n. Ó ń fọ aṣọ oníaṣọ, ó ń lọ̀ ọ́, owó ibẹ̀ ló fi rán ọmọ náà níléèwé, títí ọmọ fi dàgbà, tó fẹ́ Káfíńtà, tó sì bá a wọ mọ́sálásí. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn Alágbàfọ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ó kórìíra Káfíńtà. Ta ni yóò kórìíra ọkùnrin jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí kì í gbé ohùn sókè sí ìyàwó rẹ̀? Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé Jésù nìkan ni ọ̀nà sọ́dọ̀ Ọlọ́run, ọmọ tó sì fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n kò tọ ọ̀nà náà.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá àbúrò náà dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, Alágbàfọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó lọ jókòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú yín ti ń jọ ti ẹni tó fẹ́ wàásù," àbúrò rẹ̀ wí. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n àwàdà ẹnu náà kò lọ.

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan o."

"Ẹ ti ń sọ ọ́. Àgbọ̀n yín ló ń sọ ọ́."

"Ṣé kí n wá dákẹ́? Kí n rí ọmọ mi létí kòtò, kí n máa wò ó níran?"

"Kòtò kẹ̀! Inú kòtò yẹn náà ni ọkọ mi wà?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá kú báyìí, ṣé ẹ máa rí mi lọ́hùn-ún?"

Ì bá rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Alágbàfọ̀ kò lè fi irọ́ tu ẹni tó ń ṣàìsàn nínú.

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà," ó wí.

"Ó dáa." Àbúrò rẹ̀ yí ojú sí ògiri. "Ẹ bá mi gbé ìrọ̀rí yìí sókè díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tó bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn. Kí Alágbàfọ̀ tó padà dé lọ́jọ́ kejì, àrùn náà ti tún kọ lù ú, ó ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ pa dé, ó kàn ń mí ṣáá ni.

"Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, mà," nọ́ọ̀sì wí. "Ó ṣeé ṣe kó máa gbọ́."

Alágbàfọ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Ó gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀ṣẹ̀, àgbélébùú, ìdáríjì. Ó wá ní, "Ọmọ mi, bí o bá gba Jésù ní Olúwa àti Olùgbàlà rẹ, di ọwọ́ mi mú."

Àwọn ìka náà ká kò díẹ̀díẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bó ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rín ni o, ẹkún ni o, kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó pe Pásítọ̀ lórí fóònù. Pásítọ̀ pariwo halelúyà débi pé Alágbàfọ̀ mú fóònù kúrò létí. "Ẹ máa jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi, mà! Gbogbo ìjọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé aṣọ àwọ̀sùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ wá fún aláìsàn. Kátíìnì yí bẹ́ẹ̀dì ká, àlàfo díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti rí Káfíńtà tó tẹ̀ ba, tó ń ka kálímà, ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí ìgbàgbọ́ àwọn Mùsùlùmí, sí ìyàwó rẹ̀ létí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ó kà á tán, ó ní, "Ìyàwó mi, bí o bá ń bá mi kà á nínú ọkàn rẹ, di ọwọ́ mi mú."

Àwọn ìka náà ká kò. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Káfíńtà gbójú sókè, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ rí i? Ó dá mi lóhùn!"

"Mo rí i," Alágbàfọ̀ wí.

Ó lọ bá nọ́ọ̀sì níta, ó sọ bí ọwọ́ náà ṣe dì nígbà méjèèjì fún un. Nọ́ọ̀sì náà gbọ́ ọ, ó sì rọra fèsì. "Mà, nígbà mìíràn ọwọ́ máa ń dì fúnra rẹ̀, bíi ti ọmọ tuntun. Nígbà mìíràn, aláìsàn ló ń gbọ́. Àwa náà ò lè sọ."

Kò pẹ́ sígbà náà ni àbúrò náà kú, tí wọ́n sì sin ín bí àwọn ẹlẹ́sìn ọkọ rẹ̀ ṣe ń sìnkú. Lójú sàréè, Káfíńtà ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i pé orí kálímà ni ìyàwó òun kú sí. "Ẹ bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò. Ojú wọn ló ṣe." Wọn a wo Alágbàfọ̀, Alágbàfọ̀ a mi orí pé òun rí i.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Pásítọ̀ pè é síwájú. "Ọkàn kan bọ́ sọ́wọ́ Jésù lójú ikú!" Ìjọ hó yèè.

"Jésù nìkan ni ọ̀nà," Alágbàfọ̀ wí.

"Áámín!"

"Ìgbàgbọ́ mi nìyẹn, kò sì yẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bi àbúrò mi ní ìbéèrè, ọwọ́ rẹ̀ dì. Ọkọ rẹ̀ bi í ní tirẹ̀, ọwọ́ kan náà dì. Ẹ má bínú. Mi ò lè jẹ́rìí ohun tí mi ò mọ̀."

Ẹnikẹ́ni kò ṣe áámín. Pásítọ̀ sáré dá orin. Lẹ́yìn ìsìn ó wá bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Mà, ẹ̀ bá ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ì bá tù yín nínú."

"Ẹ̀rí lẹ ní kí n wá jẹ́, sà. Ẹ ò ní kí n wá tu ara mi nínú."

Pásítọ̀ tẹrí ba. "Ó ti wà lọ́wọ́ Ọlọ́run báyìí. Àdúrà wa ò lè dé ibi tó wà mọ́."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ ti kọ́ wa."

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn ládùúgbò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Káfíńtà wọ ṣọ́ọ̀bù Alágbàfọ̀, ó dúró láàárín àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi kọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ó di ọwọ́ ẹ̀yin náà mú."

"Ó dì í mú."

"Ṣáájú tèmi?"

"Ṣáájú."

Káfíńtà fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹ wá dúró níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n máa yọ̀."

"Mi ò ní ọkàn tí mo lè fi gba ayọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ, ọkọ wa. Má bínú."

"Èwo ló wá jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì?"

"Mi ò mọ̀."

Káfíńtà dágbére, ó sì lọ.

Alágbàfọ̀ ti áyọ́ọ̀nù bọ iná, ó dúró kó gbóná. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ni kì í ti í fọwọ́ kan aṣọ kankan láàárọ̀ láìkọ́kọ́ gba àdúrà kan. Ẹnu rẹ̀ kò dúró de ọkàn rẹ̀: "Olúwa, jẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ ọ́, kó tó pẹ́ jù." Ó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó rántí ohun tí Pásítọ̀ wí nípa àdúrà, ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ó tún àdúrà náà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀.