Àkèré Méje Inú Igbá Wàrà

Lọ́dún 1974, Àúdù àti ìyá ẹ̀ ń lọ Hájì. Gbogbo Ìlọrin ló ti gbọ́. Àúdù ti sọ fún gbogbo alààyè, ó wá ku kó lọ sọ fún àwọn tó wà ní sàréè.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ Hájì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣẹ̀. Àúdù ti yí ìlú ká, ó ku Jummai, obìnrin Fúlàní tó máa ń ta wàrà l'Ọ́jà Ọba. Lọ́dún tó kọjá, Àúdù ní àkèré kan fò jáde nínú igbá wàrà ẹ̀. Irọ́ gbuu ni, ó kàn fẹ́ pa àwọn obìnrin ọjà lẹ́rìn-ín ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àkèré ti di méje, èyí àgbà inú wọn sì ń wúkọ́ bíi baálẹ̀. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ra wàrà lọ́wọ́ Jummai mọ́. Etí títì l'Ókè-Òyì ló wá ń jókòó sí, níbi tí ọkọ̀ kì í dúró.

Áfáà Abdulkadir sọ fún Àúdù pé, "Tìẹ àti t'Ọlọ́run, Ọlọ́run á fojú fò ó. Ti Jummai, ọwọ́ Jummai ló wà."

Ọ̀la lọkọ̀ ojú irin Kánò máa gbé wọn lọ wọ bàálù. Àúdù sáré lọ Òkè-Òyì, ó kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Ìyá, ẹ forí jì mí. Ki yafe min. Sọ́rì. Àsítágífúrúlàì!"

Jummai bi í pé, "Èdè wo lo fi sọ ti àkèré?"

"Yorùbá ni, Ìyá."

"Lọ sọ òótọ́ ẹ̀ ní Yorùbá, níbi tó o ti parọ́. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ."

L'Ọ́jà Ọba, Àúdù kígbe: "Ẹ̀yin ìyá mi, kò sí àkèré kankan! Irọ́ ni mo pa!"

Àbẹ̀ní oníyọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Àúdù elẹ́nu! Ṣebí ìwọ náà lo ní bàálù yín ní àádọ́ta táyà? Wàrà mélòó ni Fúlàní yìí fi dí ẹ lẹ́nu?"

"Mo fi Hájì mi búra!"

Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Àúdù ki ọwọ́ bọ igbá Jummai, ó jẹ wàrà kan, ó jẹ méjì, ó jẹ títí ikùn ẹ̀ fi le bí ògiri. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń bá a kà á. Wọ́n rò pé eré tuntun ló gbé dé. Kò sẹ́nì kan tó rà.

Jummai dé igbá ẹ̀, ó gbé e rù.

"Ìyá, àárọ̀ ọ̀la là ń lọ o." Àúdù sáré tẹ̀lé e. "Ṣé ẹ ti forí jì mí?"

"Kí Ọlọ́run gbé yín débẹ̀ láyọ̀," ló fèsì, ó sì gba ọ̀nà Òkè-Òyì lọ.