Àwọn Páálí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn wa wá, kò tíì kí wa tán tí ara ti fu mí. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi bí ló gba yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù aṣebàtà kan. Ó ní òun máa dá ilé ìkàwé sílẹ̀ níbẹ̀, ti ara òun, tí kò sí lábẹ́ ìjọba tàbí iléèwé kankan: ìwé àwọn adúláwọ̀ nìkan, àwọn tó wà nílẹ̀ Áfíríkà àti àwọn tí wọ́n kó bàbá ńlá wọn kọjá òkun. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ìlú kí n tó fẹ̀yìn tì ló pè kí n wá bá òun to ìwé. Inú mi dùn débi pé mo lọ ra awò ojú tuntun.

Ọkùnrin náà béèrè irú ìwé tí a ń wá. Ọmọ mi ló ń bá sọ̀rọ̀, èmi ló ń wò. Ó wò mí títí, ó ṣe bí ẹni rẹ́rìn-ín, ó lọ. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ló ti ń gbé páálí wá, ọ̀sẹ̀ kan kò yẹ̀. Kò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, a kúkú sọ ọ́ ní Bàbá Páálí.

"Níbo lẹ ti ń rí wọn?" ni mo bi í.

"Màdáámú, ìwé ni mo gbé wá o, kì í ṣe ìyàwó tẹ́ ẹ máa wádìí ìdílé ẹ̀."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ta ló ń fúnni nírú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Ìtàn àròsọ, ewì, eré orí ìtàgé, òmíràn tí mi ò rí irú rẹ̀ rí pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo lò nídìí ìwé. Ó sì lẹ bébà rúsúrúsú mọ́ ojú ewé àkọ́kọ́ gbogbo wọn, ó tún lẹ òmíràn mọ́ inú èèpo ẹ̀yìn. Ó ní kí wọ́n má baà ya ni. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ.

Ìṣẹ́gun tó ku ọjọ́ mẹ́rin ká ṣílẹ̀kùn, mo tètè dé. Mo ki òwú bọ omi, mo fi rin bébà iwájú ìwé kan, mo rọra ṣí i. Òǹtẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, òǹtẹ̀ ilé ìkàwé tí mo ti ṣiṣẹ́ jẹun! Mo ṣí ìkejì, mo ṣí ìkẹta. Bákan náà ni.

"Olè ni!" ni mo pariwo. "Mo sọ fún ẹ! Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun."

Ọmọ mi ń kun pẹpẹ lọ́wọ́. Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ sílẹ̀.

"Àǹtí, nínú irínwó ìwé tá a ní, ọ̀ọ́dúnrún ló gbé wá. Tó bá jẹ́ pé ó jí wọn ni, kí ni màá ṣílẹ̀kùn lé lórí? Pákó?"

"Pákó sàn ju kí ọlọ́pàá wá bá ẹ ti ilẹ̀kùn lọ."

Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ní òun fẹ́ lọ fọ̀ ọ́ nísàlẹ̀, mo sì rí i pé omi ti wà lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, inú mi tún ń dùn lábẹ́lẹ̀, torí pé mo jàre.

Kò pẹ́ tí Bàbá Páálí dé. Mo na ìwé náà sí i.

"Ẹ ṣàlàyé èyí fún mi."

Ó gbé páálí sílẹ̀. Ó wo òǹtẹ̀, ó wo òwú tútù lórí tábìlì. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Màdáámú, ẹ jẹ́ ó mọ síbẹ̀. Ẹ pè mí lólè, mo gbà, ẹ ò ní rí mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìwé ọmọ yìí wà lórí pẹpẹ."

"Kí lẹ fi pamọ́ sẹ́yìn?"

Mo já a gbà, mo rin bébà ẹ̀yìn, mo ṣí i. Òǹtẹ̀ pupa ni: KÍ A SUN ÚN. Ìbuwọ́lù kan wà lábẹ́ rẹ̀. Tèmi ni.

Òfin ibiṣẹ́ wa ni pé ìwé tí ẹnikẹ́ni kò bá yá fún ọdún márùn-ún, kí a yọ ọ́ kúrò. Wọ́n á kó wọn sórí tábìlì mi, wọ́n á ti ṣí èèpo ẹ̀yìn wọn sílẹ̀ dè mí, èmi á sì máa fọwọ́ sí i lọ. Mi ò ṣí iwájú ẹyọ kan wò rí.

"Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ sí ààtàn," ló wí pẹ̀lẹ́. "Mi ò lè sun wọ́n. Yàrá mi ni mo ń kó wọn sí. Lọ́jọ́ tí mo rí yín níbí, mo dá yín mọ̀. Mo ní kí n bò ó, kójú má baà tì yín níwájú ọmọ yín."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Ọmọ mi ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀.

"Ọmọ mi," ni Bàbá Páálí yára sọ, "òótọ́ ni Àǹtí ẹ sọ o, èmi ni mo jí..."

"Má dá a lóhùn," ni mo wí. "Irọ́ ló fẹ́ pa nítorí mi. Gba ìwé yìí, wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Ó wò ó pẹ́. Ó mọ ìbuwọ́lù mi dáadáa, èmi ni mò ń fọwọ́ sí káàdì iléèwé rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré.

"Ọdún mélòó lẹ fi ń fọwọ́ sí irú èyí, Àǹtí?"

"Mọ́kànlá."

Ó yíjú sí Bàbá Páálí. "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ọdún mélòó lẹ fi wa ọkọ̀ yẹn?"

"Méjì péré, ọmọ mi. Àwọn tó wà á ṣáájú mi, sísun ni wọ́n ń sun tiwọn."

Ọmọ mi wo pẹpẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, láti òkè dé ìsàlẹ̀.