Ẹni Tó Wà ní Ìdí Ọkọ̀

"Ṣí i, kí gbogbo wa rí i," ni alága àwọn atukọ̀ wí.

Ayàwòrán fa aṣọ kúrò lára àwòrán tó gbé ti ògiri. Opó náà na ọrùn wò ó. Adágún omi náà nìyẹn, ó dákẹ́ rọ́rọ́ bó ṣe máa ń rí láàárọ̀. Ọkọ̀ wọn nìyẹn, tòun ti pákó tuntun tí ọkọ rẹ̀ kàn mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ rẹ̀ wà níwájú, ó ń to ẹrù. Ṣùgbọ́n ní ìdí ọkọ̀, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fi àjẹ̀ darí rẹ̀ láti ìgbà tí tọkọtaya ti jọ rà á, àbúrò ọkọ rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀.

Àbúrò ọkọ yìí ló ń sọ pé òun àti olóògbé ló jọ ni ọkọ̀, pé kò kan ìyàwó. Àwòrán yìí, tí ayàwòrán yà nígbà ayé olóògbé, ni wọ́n ní kó parí ẹjọ́ náà.

"Àbúrò mi," opó náà sọ fún ayàwòrán, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ṣé èmi kọ́ lo yà ni? Omi ilé mi lo fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ìwọ lo ní kí n má mi orí."

Ayàwòrán ń ha ọ̀dà gbígbẹ kúrò lábẹ́ èékánná. "Àǹtí, ohun tí mo rí ni mo yà."

Yàrá iwájú ilé àbúrò ọkọ ni ayàwòrán ń gbé báyìí. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀.

Opó yíjú sí àwọn atukọ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé opó náà ló fi ọkọ̀ yìí gbé ìyàwó rẹ̀ kọjá omi nígbà tó ń rọbí. Ọkùnrin náà ń wo bàtà ara rẹ̀. Àwọn yòókù yíjú sí àwòrán. Àbúrò ọkọ ló ń pín ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ fún wọn. Ta ló fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ba oúnjẹ ara rẹ̀ jẹ́?

"Àwòrán ò lẹ́nu tó fi ń purọ́," alága wí, ó sì gbé ọkọ̀ fún àbúrò ọkọ.

Lọ́jọ́ ọjà, opó gbé ẹrù dé èbúté. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà kọjá. Àbúrò ọkọ jókòó ní ìdí ọkọ̀, àjẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, wọlé jàre. Ìwọ ò ní sanwó. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣáà ló wà lọ́wọ́ rẹ."

"Ẹ ṣé o, bàbá," àwọn èrò ń wí. "Èèyàn tó ń rántí opó ṣọ̀wọ́n."

Ọkùnrin tó ń wo bàtà ara rẹ̀ lọ́jọ́sí sún kí obìnrin náà lè ríbi jókòó. Ó wọlé, ó gbé ẹrù lé itan. Gbogbo wọn yíjú sí i, wọ́n ń retí kí òun náà dúpẹ́.