Àgbàdo Méjì Nínú Ilé Petrona

Nígbà tí Pascual àti Santos fẹ́ forí lé ìhà àríwá láti lọ wáṣẹ́, wọ́n gbin àgbàdo méjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé, nítòsí ààrò Petrona, ìyá àgbà tó tọ́ wọn láti ìgbà tí òbí wọn ti kú. Ìbejì ni wọ́n. Bí àwọn ìbejì inú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ wọn ṣe ṣe nìyẹn nígbà tí àwọn olúwa ikú ránṣẹ́ pè wọ́n sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Wọ́n ní: Bí àgbàdo bá gbẹ, a ti kú. Bó bá tún hù, a ti jí.

“Màmá àgbà, ẹ má sunkún o,” ni Santos wí. “Ẹ ṣáà máa bomi rin wá.”

“Ta ló ń sunkún? Èéfín ni.”

Talin, àbúrò wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, rẹ́rìn-ín, nítorí wọn ò tíì dáná lọ́jọ́ náà.

Oṣù méjì ni wọ́n fi ń pè. Lẹ́yìn náà, fóònù dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Petrona lọ sódò, Talin bá àgbàdo Pascual, ó ti gbẹ. Ó ro ti ìyá àgbà, ẹni tí kì í fẹnu kan oúnjẹ kó tó kí àgbàdo méjèèjì káàárọ̀, ló bá sáré hú òmíràn tó tutù yọ̀yọ̀ lóko, ó sì gbìn ín dípò. Ó fi èyí tó gbẹ sábẹ́ ẹní. Ó ní nínú ìtàn ó padà hù. Bó bá ti hù, òun á dá a padà sáyè rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń fọwọ́ tọ́ ọ wò. Kò hù. Ṣùgbọ́n ti Santos ṣì tutù, ìyẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Eulalia dé láti ìlú, obìnrin tó ń bá àwọn ẹbí wá ọmọ wọn tó sọnù lọ́nà. Wọ́n ti rí òkú ọ̀dọ́kùnrin kan ní aṣálẹ̀, ìgbànú híhun irú ti abúlé Petrona wà nídìí rẹ̀. Ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ olówùú jáde.

“Ìyá, itọ́ yín díẹ̀ ni mo fẹ́. Òun ni wọ́n á fi mọ̀ bóyá ọmọ yín ni. Bí wọn ò bá mọ̀, wọ́n á sin ín láìlórúkọ.”

“Itọ́ kẹ̀? Ọmọ mi ò kú. O ò rí àgbàdo ni, àbí ojú ń dùn ọ́?”

“Mo rí i, ìyá.”

“Ó tutù àbí kò tutù?”

“Ó tutù.”

“Ó parí nìyẹn. Mu ẹ̀kọ, kó o máa lọ.”

Talin ń gbọ́ wọn nídìí ọlọ. Láìlórúkọ? Bó bá dákẹ́, wọ́n á wa yanrìn bo Pascual bí ẹran tí kò lólówó. Ó fa àgbàdo gbígbẹ yọ lábẹ́ ẹní, ó gbé e síwájú ìyá àgbà.

“Ti Pascual nìyí. Èmi ni mo pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ dárí jì mí, Màmá. Ṣùgbọ́n ti Santos ṣì wà.”

Wọ́n ti na ọmọ lábúlé yẹn nítorí irọ́ tó kéré sí èyí. Petrona kò nà án. Ó wo àgbàdo náà títí, ó dìde, ó nawọ́ sókè, ó sì fa àgbàdo gbígbẹ mìíràn yọ láàárín koríko òrùlé.

“Ti Santos nìyí,” ló wí. “Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Nítorí tìẹ ni mo ṣe pààrọ̀ ẹ̀. Mo ní ó ṣì ku Pascual fún wa.”

Eulalia dorí kodò. Ọmọ kan péré ló ṣẹ́ kù fún Petrona àti Talin lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, irọ́ ẹnì kejì ló sì gbé ọmọ náà ró.

“Ọmọ ò láyọ̀lé,” ni Petrona wí, “ẹni ọmọ sin ló bímọ.” Ó jókòó, ó yanu sílẹ̀. Eulalia fi igi náà kàn án nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó yọ ọ́, ó wò ó. Owú náà gbẹ.

“Kò sí itọ́, ìyá.”

“Nínú ìtàn, itọ́ tí wọ́n tu sọ́wọ́ ìyá àwọn ìbejì ló fi lóyún wọn. Tèmi ti tán.” Ó kọjú sí Talin. “Fún mi lómi.”

Kò sí omi mìíràn nílé ju ti inú igbá tó wà lẹ́bàá ààrò, èyí tí wọ́n fi ń bomi rin àgbàdo. Talin gbé e fún un. Petrona mu ún tán láìṣẹ́ku ẹ̀kán kan, ó sì tún yanu.