Eruku Inú Fáànù Kabaso

Ẹni tó bá ní òun mọ ìgbà tí iná máa dé ní ìlú Kitwe, ẹ bá mi bi í bóyá òun ló bí iná. Kabaso ní òun mọ̀ ọ́n. Ìwé tí àwọn oníná lẹ̀ mọ́ ògiri nísàlẹ̀ ilé sọ pé kò ní sí iná ní Sátidé, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́rin. Nítorí náà, nígbà tó gun àpótí láti fọ fáànù ara ògiri tó ń fa ooru jáde ní ilé ìwẹ̀, kò lọ pa iná ní ìdí mítà. Kí ló fẹ́ pa, nígbà tí kò sí iná?

Eruku ti di fáànù náà pa, ó nípọn bí òwú inú tìmùtìmù. Ilé ìwẹ̀ ò ní fèrèsé, ooru omi ń padà sínú ilé, ògiri sì ń hu èbu dúdú. Dókítà ní èbu yẹn ló ń mú kí èémí máa há Lubuto, ọmọ wọn ọlọ́dún méjì.

Chola ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ará ilé ti lọ síbi ìsìnkú. Ìyá Chola nìkan ló wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ìyẹn ni Kabaso ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ra kó tó bọ́ aṣọ ku ṣòkòtò péńpé. Ẹ̀yà Bemba ni wọ́n, ẹbí kò sì tíì ṣe ayẹyẹ tí wọ́n fi ń mú àna wọlé. Títí wọn á fi ṣe é, àna ọkùnrin àti ìyá ìyàwó rẹ̀ ò gbọdọ̀ wojú ara wọn, wọn ò gbọdọ̀ bára wọn sọ̀rọ̀. Bí màmá bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣe ni Kabaso máa ń sá wọ yàrá.

Ó tú ìdérí, ó ki aṣọ tútù bọ inú fáànù, ó ń nu ún. Aago mọ́kànlá ò tíì lù tí iná fi dé. Iná gbé e, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, egungun itan rẹ̀ sì dún.

Màmá wá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Lubuto," ó ní, "bi bàbá ẹ bóyá nǹkan ṣe wọ́n."

Lubuto ò bi nǹkan kan.

"Lubuto," Kabaso fèsì láti ilẹ̀, "sọ fún màmá àgbà pé ẹsẹ̀ mi ti kán. Kí wọ́n pe Chola."

"Lubuto, sọ fún bàbá ẹ pé mo ti pè é, kò gbé e."

Ìgbà náà ni Kabaso gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀, tó ń han fíì, fíì. Inú àpótí ara ògiri, lókè ibi tí òun nà sí, ni oògùn tí wọ́n ń fín sí i lẹ́nu wà. Ó gbìyànjú láti dìde, itan kọ̀. Áà, kí èèyàn sún mọ́ ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ tó báyìí, kó má lè nawọ́ mú un! Ó fi àyà wọ́ dé ìdí ilẹ̀kùn, ó fi igi ìgbálẹ̀ ti ìdènà rẹ̀ títí ó fi ṣí.

Màmá gbé ọmọ wọlé, ó fi ìró bo ojú dé àyà, ó ń fọwọ́ wá oògùn káàkiri inú àpótí. Ìgò ń já bọ́.

"Lubuto, sọ fún màmá àgbà pé apá òsì."

"Lubuto, bi bàbá ẹ, apá òsì ta ni?"

Ọmọ náà ò han mọ́. Ó dákẹ́. Màmá já ìró kúrò lójú, ó wo Kabaso.

"Kabaso, èwo ni?"

"Èyí tó ní ìdérí búlúù, màmá."

Ó fín in sí ọmọ lẹ́nu, ó tún fín in. Àwọn méjèèjì ń wo ẹnu ọmọ. Ó pẹ́ kó tó wúkọ́, kó tó bú sẹ́kún.

"Ẹ má wò mí, màmá," Kabaso ní. Ìtìjú fẹ́ pa á.

"Ta ni kí n wá máa wò?" Màmá pọn ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abíyá Kabaso, ó fà á. Kabaso figbe ta. Màmá fi í sílẹ̀.

"N ò lè gbé ọ, ọmọ mi," ó ní, ó sì jókòó tì í lórí ilẹ̀ tútù, àwọn méjèèjì ń sunkún.