Ta Ló Ru Àpótí Ọta?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Kúbúrátù, kò gbà pé ọkọ òun lọ sógun. Ohun tó ń da ilé wọn rú nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo fi bá wọn gbé ní Wadata, ní Niamey, nígbà tí ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Mo ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo jókòó sí báyìí, òjò ń lu páànù lórí mi, ṣùgbọ́n eruku Wadata ṣì ń ta mí lọ́fun bí mo bá rántí.

Àlíyù ti ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi sọ́nà kí ogun Hítílà tó gbóná. Ló bá pòórá. Ọdún ń lọ, ọdún ń bọ̀. Àwọn ará ilé wa ní ó wà ní Kùmásí, pé ó ti fi obìnrin kan ṣaya níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní Bọ́mà lòun ti ń bọ̀, pé ìbọn arọ̀jò-ọta lòun ń yìn níbẹ̀. Kò mú nǹkan kan bọ̀ ju ibà àti àpá ẹsẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ẹ náà, wọ́n jọ wá ta aṣọ ní Niamey, wọ́n bí Mùínàt. Síbẹ̀, bí ìjà bá ti dé:

"Ẹ lọ sọ fún obìnrin yín ní Kùmásí!"

"Kúbúrátù, mo ní Bọ́mà ni mo wà!"

"Bọ́mà tí kò ní ẹlẹ́rìí."

Lọ́jọ́ kan, wọ́n lẹ àwòrán ńlá kan mọ́ ògiri ilé sinimá: àwọn ṣọ́jà onírùngbọ̀n játijàti nínú igbó ọparun. Èmi àti Àlíyù jọ ń ti ọjà bọ̀, ló bá dúró síwájú rẹ̀, kò lè lọ, kò lè bọ̀.

"Jàfárù, Bọ́mà nìyí! Ọparun yìí gan-an! Ẹ̀gbọ́n rẹ á fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀rọ̀ bùṣe."

Ọkùnrin tó máa ń pe sinimá ní iṣẹ́ Ṣàìtánì! Lẹ́yìn ìrun Iṣáì, ó wọ agbádá funfun, ó kó èmi àti ìyàwó rẹ̀ síwájú.

Sinimá ìgbà yẹn kò ní òrùlé. Ògiri funfun kan ni, àti bẹ́ǹṣì. Èdè Faransé ni fíìmù ń sọ, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́, nítorí náà ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ousmane máa ń jókòó lórí garawa epo, á ká páànù bí fèrè sẹ́nu kí ohùn rẹ̀ lè ròkè, á máa túmọ̀ rẹ̀ sí Haúsá. Ousmane ti ja ogun Faransé rí ní Endosín, ilẹ̀ onígbó kan tí kò jìnnà sí Bọ́mà. Bí igbó ti yọ lára ògiri báyìí, ó figbe ta:

"Ẹ wò ó! Àwa rèé ní Endosín!"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àlíyù dìde. "Irọ́ ni! Bọ́mà ni!"

"Màlámù, ẹ jókòó, agbádá yín ti bo ogun náà mọ́lẹ̀!" ni àwọn tó wà lẹ́yìn wa kígbe.

Ó jókòó, ó ń mí helehele. Lára ògiri, ó ti rẹ àwọn ṣọ́jà náà débi pé wọ́n ń sùn lórí ìdúró. Ọ̀kan jókòó sínú ẹrẹ̀, ó tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi bàtà ṣe. Òjò kò dá. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni Àlíyù ń wí jẹ́jẹ́. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ sí i. "Bàbá Mùínàt, àwọn dúdú dà?"

"Wọ́n ń bọ̀."

Ó tún pẹ́ díẹ̀. "Òyìnbó ni gbogbo wọn o."

"Mo ní wọ́n ń bọ̀, obìnrin yìí!"

Wọn ò wá. Fíìmù já, wọ́n so ó, ó tún já. Wọ́n sọ òkò, wọ́n bú baba ẹni tó ń yí i. Nígbà tó tún gbéra, òyìnbó náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Àbí wọ́n gba Kùmásí yà ni?"

Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ṣọ́jà náà rọ́ jókòó ti òkìtì àpótí ọta ìbọn kan láàárín igbó. Àlíyù fò sókè.

"Àpótí yẹn! Ta ló rù ú débẹ̀? Ọkọ̀ kò wọ ibẹ̀! Ìbaaka kò lè gun òkè yẹn! Ousmane, bi wọ́n léèrè, ta ló rù ú?"

"Màlámù," ni Ousmane dáhùn láti inú páànù, "fíìmù ọmọ ogun nìyí, kì í ṣe ti alárù!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni!" Àlíyù fọwọ́ lu àtàrí ara rẹ̀. "Èmi ni mo rù ú! Orí mi yìí! Láti etí odò Kàládàn títí wọ inú òkè, eṣúṣú ń mu mí lẹ́jẹ̀, wọn ò fún mi ní ìbọn kankan! Àdá àti òṣùká ni wọ́n fún mi!"

Ọ̀rọ̀ ti jáde kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé "Dan dako!", orúkọ tí Haúsá ń pe alárù, ni ẹ̀rín bá tún gba ibẹ̀ kan. Ní Wadata, ó sàn kí wọ́n pe aláṣọ ní olè ju kí wọ́n pè é ní alárù lọ. Ó jáde, agbádá rẹ̀ kọ́ bẹ́ǹṣì, ó fà á ya.

Nígbà tí a délé, ó ti wọ yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi dúró ní àgbàlá, ó di apá mi mú.

"Jàfárù, ó lọ."

"Ó lọ sí ibo?"

"Bọ́mà. Ọkùnrin tó bá fẹ́ parọ́ kò ní fi òṣùká kún un."

Ó wọlé tọ̀ ọ́. Mo ń gbọ́ wọn láti ìta.

"Bàbá Mùínàt, mo gbà pé ẹ lọ sógun."

"Kí lo gbà? Nígbà tí mo sọ pé ìbọn ni mo yìn, o ò gbà. Ìgbà tí mo di alárù lójú ayé lo wá gbà?"

"Mo ṣáà ní mo gbà."

"Má gbà á! Kùmásí ni mo wà! Ṣé o gbọ́? Kùmásí!"

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kò lọ sọ́jà, èmi nìkan ni mo ń ta aṣọ. Àwọn alárù Wadata wá, wọ́n kún iwájú ìsọ̀, wọ́n ń béèrè Àlíyù, alárù tó lọ sógun, wọ́n ní ọ̀gá àwọn ni, àwọn fẹ́ kí i. Kò sí ẹ̀fẹ̀ lójú wọn. Mo sáré lọ sọ fún un nílé. Ó ní kí n sọ pé òun rìnrìn àjò, ó kọjú sí ògiri. Mo padà, mo sọ bẹ́ẹ̀.

"Ó lọ sí ibo?" ni wọ́n bi mí.

Inú bí mi, mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Mo tú aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.