Ìdúpẹ́ Jàǹbá Tí Kò Ṣẹlẹ̀

"Màmá, ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú l'Óṣíẹ̀lẹ̀."

Ohun tí Oyíndà sọ nìyẹn bó ṣe wọlé ní Kemta, tó fi ìbòmú bo ojú dé àgbọ̀n. Irọ́ ni. Ilé ìtọ́jú kékeré kan l'Ékòó ló ti ń bọ̀. Wọ́n gé awọ díẹ̀ lábẹ́ imú rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì rán an, kí ètè òkè rẹ̀ lè gbé sókè kó sì hàn dáadáa. Iṣẹ́ àtíkè ló ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ l'Álábàtà. Bó bá ti ń kun ètè àwọn ẹlòmíràn, tirẹ̀ ló máa ń wò nínú dígí, tí kì í sì í tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìyá rẹ̀, Màmá Harriet, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò béèrè ìbéèrè kan. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òun sunkún ọmọ. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé omi kaná.

Nínú ilé yẹn, ẹni tó bá ṣubú, táwẹ̀lì àti omi gbígbóná ni. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti kìlọ̀ fún Oyíndà l'Ékòó pé omi gbígbóná kò gbọ́dọ̀ kan ojú abẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀. Á lọ fúnra rẹ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ìgbà tí o já bọ́ lórí igi máńgòrò, ta ló tẹ orúnkún rẹ? Gbé ojú wá jàre."

Bí kò bá gbé ojú wá, á ní láti sọ ìdí rẹ̀. Ó gbé ojú wá. Màmá tẹ táwẹ̀lì mọ́ orí pílásítà tó bo ojú rírán náà, ó ń kọ orin ìyìn sábẹ́ ohùn. Omi ń dà lójú Oyíndà.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló ń tú yẹn."

Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ibẹ̀ wú sí i. Ọyún bẹ̀rẹ̀ sí í rùn lábẹ́ pílásítà, ètè méjèèjì kò sì padé mọ́. Oyíndà pe ilé ìtọ́jú náà títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ibi tí ara rẹ̀ ti ń gbóná lórí ibùsùn ni Màmá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé bá a tayọ̀tayọ̀.

"Mo ti bá Bàbá Ògúnníyì ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀ kó kọ orúkọ wa sínú ìwé ìdúpẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ìdílé wa, ìdílé Abíọ́nà, ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run yọ ọ́ nínú jàǹbá ọ̀kadà. Wọ́n á kéde rẹ̀ níwájú pẹpẹ. Mo tilẹ̀ ti yan orin tí a máa jó lọ."

Irọ́ tí Oyíndà pa fún ìyá rẹ̀ ti fẹ́ di ohun tí wọ́n ń sọ fún Ọlọ́run.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú mọ́, Màmá ti wé gèlè, ó sì tún gbé abọ́ omi wọlé. "Ká tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ká tó lọ."

Ooru táwẹ̀lì ti kan imú Oyíndà kó tó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọ̀kadà kankan ò gbé mi ṣubú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ètè mi ni."

"Abẹ kẹ̀? Kí ló ṣe ètè rẹ?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Màmá. Mo kàn fẹ́ kó dára sí i ni."

Màmá ṣí pílásítà náà. Ó rí okùn tó ti já, ó rí ọgbẹ́ tó yanu. Ó wo táwẹ̀lì ọwọ́ rẹ̀ títí.

"Èmi ni mo sì ń tẹ̀ ẹ́," ló sọ, jẹ́jẹ́.

Wọ́n ṣì wà nínú takisí tó ń gbé wọn lọ sí ọsibítù nígbà tí fóònù dún. Ohùn Bàbá Ògúnníyì gba inú ọkọ̀: "Ìyá Oyíndà, ẹ̀yin là ń retí o! Ìdúpẹ́ yín ló kàn!"

Màmá wo ọmọ rẹ̀. "Ẹ yọ orúkọ wa, sà. Jàǹbá ọ̀kadà kankan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ pé kí ìjọ bá wa gbàdúrà, ọmọ mi wà nínú ewu."

Dókítà Kamaldeen kò fi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀. Kòkòrò ti wọ ojú ọgbẹ́. Bó bá gba ojú lọ sínú orí, ó lè gbẹ̀mí. "Ká kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là. Bóyá ètè náà á tún padé, mi ò lè ṣèlérí."

Wọ́n fa oògùn sí i lára lójoojúmọ́, wọ́n ń fọ ọgbẹ́ náà. Ìgbà tó mọ́ ni wọ́n tún un rán. Màmá jókòó tì í ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń fi ṣíbí fún un lómi ẹ̀kọ.

"Màmá, ṣé ẹ ń bínú sí mi?"

"Ìbínú wà ńlẹ̀. Kọ́kọ́ yè ná."

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú okùn, dókítà tẹ̀ síwájú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ‘Màmá’, kí n wo bí ètè ṣe ń padé."

Oyíndà fa ètè òkè wálẹ̀. Ó ń fà á, ó ń ta á. Apá òsì ṣì ká díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà. Ṣùgbọ́n ètè kan kan èkejì.

"Màmá."

Màmá Harriet bojú. "Mo gbọ́. Ìbínú mi ṣì wà ńlẹ̀ o." Ó yọ fóònù, ó pe Bàbá Ògúnníyì pé kó dá orúkọ wọn padà fún ọjọ́ Àìkú.

"Ìdúpẹ́ kí ni ká kéde, Ìyá Oyíndà?"

Màmá na fóònù sí ọmọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà," ni Oyíndà wí. "Iṣẹ́ abẹ ètè ni."